Buchi Emecheta: In the Ditch ni kí n kọ́kọ́ kà ni àbí Second Class Citizen?

Adùnní Aláṣọ-Òkè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí grúpù wa tó tú ká. Àwa obìnrin kan la jọ ń kàwé lórí WhatsApp, nọ́ọ̀sì wà nínú wa, tísà wà, èmi aṣọ òkè ni mò ń tà ní tèmi, a wá fẹnu kò pé ìwé àkọ́kọ́ tí Buchi Emecheta kọ la máa kà lóṣù yìí, ló bá di ariwo. Àwọn kan ní In the Ditch ni, torí òun ló kọ́kọ́ jáde ní 1972. Àwọn kan yarí, wọ́n ní Second Class Citizen ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1974 ló jáde, torí ibẹ̀ ni Adah, obìnrin tí ìwé méjèèjì dá lé lórí, ti wà lọ́mọdé l'Ékòó, pé ta ló ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìdajì. Èmi ò dúró dè wọ́n, mo ti ṣí In the Ditch ní tèmi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, obìnrin yìí ti wà nínú yàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọmọ márùn-ún, òun àti eku ni wọ́n jọ ń du yàrá lóru, kò sí ọkọ nítòsí. Mo ní kí n ní sùúrù, bóyá iwájú ni wọ́n máa ti sọ ibi tí ọkọ wọlẹ̀ sí, mo ti kà á dé àárín báyìí, wọn ò tíì sọ ọ̀rọ̀ gidi kan nípa ẹ̀. Kí ló ṣe é? Àbí ó kú ni?

Wọ́n tún ní ìtàn ayé òǹkọ̀wé yìí gan-an ló wà ńbẹ̀. Ó dáa, kí ló wá dé tó pe ara ẹ̀ ní Adah? Èló nínú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́? Àti pé, ẹ má bínú sí mi o, onílé burúkú tó wà níbẹ̀rẹ̀ yẹn, ṣé dandan ni kó jẹ́ Yorùbá ni? Inú bí mi díẹ̀ sha.

Tísà Lítíréṣọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta Àǹtí Adùnní. In the Ditch ni àkọ́kọ́, kò sí ìjà níbẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ìdí tó fi dà bí ẹni bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ni pé ọ̀rọ̀ yẹn ò bẹ̀rẹ̀ bí ìwé. Inú New Statesman, ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn òṣèlú àtàwọn akọ̀wé máa ń kà, ibẹ̀ ni apá kan nínú ẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde kí wọ́n tó kó o pọ̀ di ìwé. Òun ló fà á tí orí kọ̀ọ̀kan fi kúrú, tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró láyè ara ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ka ojú ewé kan tàbí méjì nídìí tíì àárọ̀ ẹ̀, ẹ ò lè máa ro ẹjọ́ láti Yábàá fún un, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀ ló kọ: owó ìrànwọ́ ìjọba, ògiri tó ń sun omi, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé. Ìgbà tí ìyẹn ti jáde tán ló wá padà sẹ́yìn lọ sọ bí Adah ṣe débẹ̀, ìyẹn ni Second Class Citizen. Nítorí náà ọkọ ò kú o. Inú ìwé kejì ló wà, Francis lorúkọ ẹ̀, ẹ máa rí i títí á fi sú yín.

Lórí èló ló jẹ́ òótọ́. Ní 1944 ni wọ́n bí Emecheta ní Yábàá, ará Ibusa, ìlú Íbò kan, ni àwọn òbí ẹ̀, rélùwéè ni bàbá ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, bàbá yẹn sì kú nígbà tọ́mọ ṣì kéré. Ó gba sikọ́láṣíìpù lọ sí Methodist Girls' High School. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tó lọ sílé ọkọ, ní 1962 ó kó ọmọ méjì dání lọ bá ọkọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1966 ó kó jáde, ọmọ ọdún 22, ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́, ìkarùn-ún nínú. Ó ṣiṣẹ́ láìbìrì ní British Museum, ó sì padà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ gbé gbogbo ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Adah, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìrìn yẹn, òun ló rìn ín. Ọ̀rọ̀ tó fi sí àwọn èèyàn lẹ́nu ni ẹ ò lè fi búra ní kóòtù.

Tó bá jẹ́ ti orúkọ, èrò tèmi ni pé Adah fún un láyè láti fi ara ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wò ó dáadáa, Adah gbéra ga díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó ti kàwé, ó ń wo àwọn obìnrin tó ń gbowó ìrànwọ́ bí ẹni wo ọ̀lẹ. Kò pẹ́ lòun náà lọ tò sórí ìlà. Ẹni tó bá ń kọ "èmi, èmi" á ti máa wá àwáwí fún ara ẹ̀ níbẹ̀. Emecheta ò wá a, ó jẹ́ ká máa rí i bí ìgbéraga yẹn ṣe ń bọ́ lára ọmọbìnrin yẹn díẹ̀díẹ̀, ó sì ń pa wá lẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀. Nígbà tó wá fẹ́ sọ tiẹ̀ lórúkọ ara ẹ̀, ó kọ ìyẹn náà, Head Above Water ni, ó jáde ní 1986.

Kọ́lá 4real

Ta ló ní PDF ẹ̀ ẹ jọ̀ọ́

Màmá Táíwò NW5

Kọ́lá, lọ ra ìwé. Obìnrin fi ọmọ márùn-ún kọ ìwé, ìwọ ń wá ọ̀fẹ́.

Adùnní mi, má tètè sá kúrò nínú In the Ditch o. Gbogbo ayé ló ń pariwo Second Class Citizen torí ọkọ burúkú wà ńbẹ̀, o sì mọ àwa èèyàn, a fẹ́ràn ẹjọ́ tọkọtìyàwó. Èmi, èyí tí kò sí ọkọ nínú ẹ̀ yìí gan-an ló wù mí. Apá ibẹ̀ ni mò ń gbé, Queen's Crescent tí wàá bá pàdé nínú ìwé yẹn, wọ́n ṣì ń nájà níbẹ̀ dòní, mo máa ń ra tòmátì níbẹ̀. Pussy Cat Mansions lòǹkọ̀wé pe ilé káńsù tí wọ́n kó Adah lọ, ilé ògbólógbòó tí wọ́n kọ́ yí àgbàlá po, àtẹ̀gùn ń rùn fún ìtọ̀, ògiri tutù rinrin, ìdọ̀tí ń ṣàn láti ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ àgbàlá yẹn ló gba Adah là. Nínú yàrá tó ti kúrò, òun nìkan ló ń dá ara ẹ̀ lẹ́bi tó ń dá ara ẹ̀ láre. Ó débí, ó bá Mrs Cox, ó bá Whoopey ọmọ Mrs Cox, ó bá àwọn yòókù, ẹni tí tíì bá tán nílé ẹ̀ á lọ mu tẹnìkejì, ẹni tó fẹ́ sáré jáde á gbé ọmọ fún ìyá kejì, wọ́n á jọ bú àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Òyìnbó lọ̀pọ̀ nínú wọn o, òyìnbó tálákà, irú èyí tí ẹni tó dàgbà sí Nàìjíríà ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ibi tó ti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mò ń gbọ́ ohùn aládùúgbò mi níbẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù lọ́kàn ni ti iṣẹ́. Adah ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, iṣẹ́ ìjọba, ó ní láti tètè jáde láàárọ̀ kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọmọ á wà nílé fúnra wọn títí àsìkò iléèwé á fi tó, tó bá dalẹ́ ó tún fẹ́ lọ sí kíláàsì. Wọ́n ní kò bófin mu, ọmọdé ò gbọ́dọ̀ dá wà nílé láìsí àgbà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó dáa, ta ló máa wá bá a jókòó tì wọ́n? Kò sẹ́ni. Ló bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló di ẹni tí ìjọba ń bọ́, kì í ṣe pé ó yọ̀lẹ o, kì í ṣe pé ó mutí, ó kàn jẹ́ pé òfin tó ń dáàbò bo ọmọ ò bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ owó. Mo ka ibẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, mo pa ìwé dé, torí mo mọ obìnrin tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí láìpẹ́ yìí, owó tí wọ́n ní kó máa san kí wọ́n lè bá a tọ́jú ọmọ ju owó tó ń mú wálé lọ.

Ìwọ wá wo Carol. Carol ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi síbẹ̀ kó máa gba àwọn ìdílé nímọ̀ràn, ó ní ọ́fíìsì nínú ọgbà yẹn. Èèyàn dáadáa ni, kò sí ìjà. Ó ń bá wọn sáré nǹkan, ó ń bá wọn bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀, ọ́fíìsì ẹ̀ ni wọ́n ń kóra jọ sí. Ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́ díẹ̀, obìnrin àgbà tó ti kàwé, tó ti tọ́ ọmọ, ò ní lè dá pinnu nǹkan kékeré mọ́ láì kọ́kọ́ lọ bi Carol. Adah wá ń rí i pé Carol náà nílò àwọn, pé bí gbogbo wọn bá lè dá dúró lọ́la, iṣẹ́ Carol parí nìyẹn. Emecheta ò pè é ní ẹni burúkú, kò sì pè é ní áńgẹ́lì. Mo ti bá irú Carol yẹn pàdé ní ìlú yìí, mo jẹun lọ́wọ́ wọn, mo sì bínú sí wọn, ìwé yìí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé èèyàn lè ṣe méjèèjì pa pọ̀.

Bàbá Ṣẹ́gun Mọ́kọ́lá

Ẹ ti yin ìwé tán, ta ló máa wá dáhùn ọ̀rọ̀ onílé?

Èmi ò bá yín jiyàn pé obìnrin yẹn mọ̀wé kọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi ọmọ Yorùbá wa ṣe. Adah ń ráhùn nípa yàrá, onílé fẹ́ kó kó jáde, kàkà kó fún un ní ìwé bí onílé gidi, ó wọṣọ bí abọrẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń pọfọ̀ lóru ní àárín Lọ́ńdọ̀nù kẹ́rù lè ba obìnrin ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Ẹ̀rín pa mí o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó ń kà á ńkọ́? Ṣé kò ní sọ pé ẹ ò rí wọn bí.

Ká ní èmi ni mo ni grúpù yẹn, Second Class Citizen ni mo máa gbé lé wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni Èkó wà. Ẹ wo ibi tí Adah kékeré ti gbé síléètì, kò sẹ́ni tó rán an, ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sí iléèwé torí wọn ò fẹ́ fi ọmọbìnrin síléèwé lásìkò, ó já wọ kíláàsì lọ bá tísà tó jẹ́ aládùúgbò wọn. Ọlọ́pàá bá lọ mú ìyá ẹ̀ pé kò bójú tó ọmọ, wọ́n po gàrí kún abọ́ ńlá, wọ́n ní kó mu ún tán. Ìyá ń mu, ó ń sunkún, gàrí ń wú nínú ẹ̀, wọ́n ní kó ṣì máa mu. Ẹ tún wo ti ṣílè méjì tí wọ́n fi rán an lọ ra ẹran tó fi pamọ́ kó lè rówó ìdánwò san, ó gba pàṣán lórí ẹ̀, kò sì jẹ́wọ́. Irú ìyẹn lèmi fẹ́ kà, èmi ò fẹ́ gbọ́ ti ògiri tó ń sun omi.

Ẹ sì rántí pé ẹjọ́ ẹnìkan la gbọ́. Ọkọ yẹn, ta ló gbọ́ tẹnu ẹ̀?

Tísà Lítíréṣọ̀

Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ ṣe sùúrù sà. Bí ẹ bá ní ó fi Yorùbá kan ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé àkọ́kọ́, ẹ wo ohun tójú àwọn Íbò rí nínú ìkejì. Ṣebí ọmọ Íbò ni Francis. Àwọn ará Nàìjíríà tí wọ́n jọ ń gbélé ní Kentish Town ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́, tí wọ́n ń bínú pé Adah rí iṣẹ́ gidi, pé ó fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ tọ́jú ọmọ ẹ̀ kàkà kó gbé wọn lọ fún òyìnbó tọ́ bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe? Pa Noble, bàbá onílé tó padà gbà wọ́n sílé, ẹ ò rí bó ṣe kọ ọ́. Kò dá ẹnikẹ́ni sí, kò dá ara ẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ onílé sì ní ìdí. Nígbà yẹn òyìnbó tó ní yàrá láti fi háyà á kọ ọ́ síta gbangba pé òun ò fẹ́ aláwọ̀ dúdú, kò sì sí òfin tó mú un. Òfin ìyàsọ́tọ̀ tí ìjọba wọn kọ́kọ́ ṣe ní 1965 ò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ilé, ó di 1968 kí wọ́n tó fi ilé àti iṣẹ́ kún un. Ẹni tó kó jáde nílé ọkọ ní 1966 pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, ibo ni kó lọ? Ọ̀dọ̀ èèyàn dúdú bíi tiẹ̀ tó ti ra ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ kan ló máa lọ. Onílé yẹn náà sì mọ̀ pé kò níbòmíì. Ì báà jẹ́ Ìjẹ̀bú, ì báà jẹ́ ará Ibusa, ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ ò níbòmíì á yọ yín lẹ́nu. Ẹ tún wo bí Adah ṣe gba eré òru yẹn. Ká ní Èkó ni, ẹ̀rù ì bá ti bà á. Níbẹ̀ yẹn, nǹkan tí bàbá náà ń ṣe ò bá ilẹ̀ tó ti ń ṣe é mu, bí eré apanilẹ́rìn-ín ló rí.

Ti pé ẹjọ́ ẹnìkan la gbọ́, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé nígbà tó kọ́kọ́ rí àyè sọ̀rọ̀ létí gbogbo ayé, tí New Statesman fún un ní ojú ewé, kò lò ó fún ọkọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé gbẹ̀san, ibẹ̀ ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Mrs Cox àti Whoopey ló lọ sọ. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kà á tẹ̀ lé bó ṣe jáde nìyẹn, torí bẹ́ ẹ bá ti kọ́kọ́ mọ Francis, ojú Francis lẹ máa fi wo gbogbo ohun tó kù, ẹ ò ní rí àwọn obìnrin yẹn mọ́.

Adùnní Aláṣọ-Òkè

Haa! Tísà, mo ti gbé ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn lọ sí grúpù, ilé ti pa rọ́rọ́, wọ́n ń rò ó. Màmá Táíwò ẹ ṣeun gan-an, mo lọ tún ibi tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kà, mo ti sáré kọjá níbẹ̀ nítorí pé ọkọ ni mò ń wá kiri. Bàbá Ṣẹ́gun, ti gàrí yẹn ti jẹ́ kí n máa kánjú dé ìwé kejì, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹnìkan nínú wa wá ń sọ pé ọkọ yẹn dáná sun ìwé tí obìnrin yìí ń kọ. Ṣé òótọ́ ni àbí inú ìtàn nìkan ló wà?

Tísà Lítíréṣọ̀

Òótọ́ ni, òun fúnra ẹ̀ sọ ọ́. Nínú Second Class Citizen, inú ìwé kíkọ àwọn ọmọléèwé, mẹ́rin, ni Adah kọ ọ́ sí, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láìbìrì kà á, wọ́n ní ó dáa, inú ẹ̀ dùn, ó fi han ọkọ. Ó ti ibì kan dé lọ́jọ́ kan báyìí, ó gbóòórùn ìwé tó ń jó. Ibẹ̀ ló ti sọ fún ara ẹ̀ pé ìgbéyàwó yẹn parí. The Bride Price lorúkọ ìwé yẹn, lójú ayé àti nínú ìtàn, ó tún un kọ látòkè délẹ̀, 1976 ló tó jáde. Nítorí náà bí àwọn ọ̀rẹ́ yín bá tún fẹ́ jà lórí èwo ni àkọ́kọ́, ẹ sọ fún wọn pé àkọ́kọ́ gan-an ti jóná.

Kọ́lá 4real

Olúwa ò. Sun ìwé kẹ̀? Màmá Táíwò mo ti ń lọ ra tèmi o, ẹ má bínú. Ṣé ó ṣì wà lọ́jà?

Màmá Táíwò NW5

Ó wà, Penguin ti tún méjèèjì tẹ̀. Adùnní, bó o bá dé ọ̀dọ̀ Second Class Citizen, má fo ojú ewé àkọ́kọ́ o, ibi tó ti fi ìwé yẹn jin àwọn ọmọ ẹ̀ márààrún, ó ní ká ní kì í ṣe ariwo dídùn tí wọ́n ń pa lẹ́yìn òun ni, òun ì bá má kọ ọ́.

Bàbá Ṣẹ́gun Mọ́kọ́lá

Ariwo dídùn. Àwọn ọmọ ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi nínú ọlidé yìí, mi ò lè ka bébà. Ó dáa, mo gbà, mo máa tún In the Ditch yẹn kà lẹ́ẹ̀kan sí i tí wọ́n bá ti padà sọ́dọ̀ bàbá wọn, ṣùgbọ́n ti onílé yẹn, mi ò tíì gbà o.

Màmá Táíwò NW5

Ẹ fi onílé sílẹ̀ sà. Adùnní, tó o bá ti dé ibi tí Whoopey ti lóyún fún ọkùnrin Áfíríkà yẹn, padà wá síbí. Èmi ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá òǹkọ̀wé rò níbẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ báyìí.